Ilé Kì í Ṣe Ilẹ̀: Etí Mi àti Kọ̀ǹpútà Tó Yadi

Ìyáàfin Mórohunkẹ́jì Àjàyí ni ẹni àkọ́kọ́ tó ṣìkà sí mi lẹ́nu iṣẹ́. Mo kọ orúkọ rẹ̀ síbí kí tọmọdé tàgbà lè rí i, n kò sì ní tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e, bí mo bá sì dé ọ̀dọ̀ wọn nínú ìtàn yìí, màá kí wọn dáadáa. Ṣùgbọ́n òun ló ṣílẹ̀kùn fún gbogbo wọn. Ó ní n kò gbọ́ràn. Bó bá jẹ́ pé aláìgbọràn ló pè mí, ǹ bá gbà, nítorí mo lágídí láti kékeré. Ohun tó ní lọ́kàn ni pé etí mi kò gbọ́ ọ̀rọ̀ bó ti yẹ. Etí sì ni mo fi ń jẹun.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ronú iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ fi ọjọ́ ayé yín ṣe, ẹ jókòó kí n sọ tèmi fún yín. Sàlámátù ni orúkọ mi. Ìkọ̀lé ni wọ́n bí mi sí, ní àdúgbò mọ́ṣáláṣí. Bàbá mi ń ná ọjà káàkiri pẹ̀lú ẹrù aṣọ lórí kẹ̀kẹ́, ó sì rán mi nílé ìwé nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ilé ọkọ ni gbogbo ìwé náà ń lọ. Mo kàwé débi tó dé, mo kọ́ ìtẹ̀wé, ọ́fíìsì ìjọba kan níbẹ̀ sì gbà mí síṣẹ́ nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ Òǹdó. Bí wọ́n ṣe gbà mí àti ohun tí wọ́n ń san fún mi kò ní ìtàn nínú, ẹ jẹ́ kí a kọjá níbẹ̀.

Ẹjọ́ ilẹ̀ àti ẹjọ́ oyè ni wọ́n ń gbọ́ ní ọ́fíìsì wa. Àwọn àgbà á wá láti Òkè-Àkọ, láti Ayébọ́dè, láti Ìsàn, wọ́n á sọ ohun tí wọ́n mọ̀ níwájú ìgbìmọ̀, ẹ̀rọ téèpù á sì gba ohùn wọn sílẹ̀. Iṣẹ́ tiwa ni pé kí a fi íápíìsì sétí, kí a tẹ ohun tí wọ́n sọ sórí ìwé, láìbù kún un, láìyọ nínú rẹ̀. Ìwé yẹn ni wọ́n fi ń dájọ́. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Àwa la dúró sísàlẹ̀ tí à ń hán an.

Ìyáàfin Àjàyí ni ọ̀gá yàrá wa. Ọmọ Ìsàn ni, obìnrin gíga tí bàtà rẹ̀ kì í dún nílẹ̀, tó jẹ́ pé á ti dé ẹ̀yìn rẹ kí o tó mọ̀ pé ó wọlé. N kò ní purọ́ mọ́ ọn: ó mọṣẹ́. Fún ìgbà pípẹ́ kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan taípùráítà. Ẹ̀rọ téèpù wa ní ẹsẹ̀ nísàlẹ̀ bíi ti ẹ̀rọ ìránṣọ. Bí o bá tẹ̀ ẹ́, ohùn á sọ̀rọ̀, bí o bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, á dákẹ́, bí o bá fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́, á padà sẹ́yìn díẹ̀. Èmi á fi íápíìsì sétí, màá tẹ ẹsẹ̀, màá wá kọjú sí i, màá sì máa fi ẹnu sọ ohun tí mo gbọ́ fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí mo bá kù díẹ̀ káàtó, rúlà ló máa fi kan tábìlì. Bí wọ́n bá pe ìrun ọ̀sán, ó ní kí n parí ojú ìwé tó wà níwájú mi kí n tó dìde. Àìmọye ìgbà ni mo ti foríkanlẹ̀ tí ohùn ẹlẹ́rìí ṣì ń dún létí mi ju ohùn lèmọ́mù lọ.

Bí ẹ̀rọ bá ṣíwọ́, tí ọ̀kan nínú wa bá gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, a jẹ́ pé ó di ọ̀ràn. Ìyáàfin Àjàyí á ní: "Ẹ̀rọ kì í ṣe ẹrú, má lù ú. Tọ ohùn lẹ́yìn. Ohùn kì í kú sójú ọ̀nà, ibì kan ló yà sí." A ó wá dìde, a ó máa fọwọ́ tọ wáyà láti ibi iná dé ẹ̀rọ, láti ẹ̀rọ dé etí, títí a ó fi rí ibi tó já.

Ohun tó le jù ni àmì. Taípùráítà tí wọ́n fún wa, ti Gẹ̀ẹ́sì ni. Kò ní àmì abẹ́ lẹ́tà, kò ní àmì ohùn lórí. A ó tẹ ojú ìwé kan tán, a ó yọ ọ́, a ó mú bírò dúdú, a ó tún fi íápíìsì sétí, a ó máa gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i, a ó sì máa fi ọwọ́ ṣe àmì sí i. Ìyáàfin Àjàyí máa ń sọ pé lẹ́tà ẹ tí kò ní àmì lábẹ́ níbi tó ti yẹ kó ní, ìhòòhò ló wà láàárín ọjà. Mo fẹ́ràn gbólóhùn yẹn. Títí di òní mo ṣì ń sọ ọ́ bí ẹni pé èmi ni mo dá a sílẹ̀. Ó jẹ mí ní gbèsè tó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀dọ̀ Bàbá Agúnlóyè ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ́ sílẹ̀. Àgbẹ̀ kòkó ni, láti Òkè-Àkọ. Bàbá tirẹ̀ ló gba àtọ̀húnrìnwá kan lálejò láyé àtijọ́. Nígbà tí àwọn méjèèjì kú tán, àwọn ọmọ àlejò ní oko kòkó náà ti di tàwọn. Bàbá Agúnlóyè wá síwájú ìgbìmọ̀, ó sì sọ ọ́ ní gbólóhùn kan ṣoṣo: "Ulé ni bàbá mi fún un, kì í ṣe ulẹ̀."

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ará ọ̀dọ̀ wa, ulé ni ilé, ulẹ̀ ni ilẹ̀. Òfin ọ́fíìsì ni pé Yorùbá ilé ìwé ni kí a fi kọ ọ́. Lórí taípùráítà, ohun tó jáde ni: Ile ni baba mi fun un, ki i se ile. Ẹ kà á sókè kí ẹ gbọ́. Ọ̀rọ̀ wèrè ni. Gbogbo oko kòkó ọkùnrin náà dúró lórí àmì bírò. Mo gbọ́ ọ dáadáa, mo fi àmì ohùn sórí ti àkọ́kọ́, mo fi àmì sábẹ́ ti ìkejì. Ilé ni, kì í ṣe ilẹ̀. Mo gbé e fún ọ̀gá mi kó yẹ̀ ẹ́ wò.

Ó fi íápíìsì sétí, ó tẹ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ, ó tún un tẹ̀. Lẹ́yìn náà ló mú ọ̀dà funfun tí a fi ń pa àṣìṣe rẹ́, ó pa àmì mi rẹ́, ó sì yí i po: ilẹ̀ ni bàbá mi fún un, kì í ṣe ilé. Mo sọ fún un pé ulé ni bàbá náà kọ́kọ́ dárúkọ. Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ta ló kọ́ ọ ní etí tí o fi ń gbọ́?"

Mo ní òun ni.

"Kí lo wá ń bá mi jiyàn sí?"

Ìwé náà lọ. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbé alága ìgbìmọ̀ tó fi etí ara rẹ̀ gbọ́ Bàbá Agúnlóyè lọ sí Àkúrẹ́, ẹni tó rọ́pò rẹ̀ sì dájọ́ pẹ̀lú ohun tó rí lórí ìwé. Wọ́n gba oko lọ́wọ́ Bàbá Agúnlóyè pẹ̀lú ẹnu ara rẹ̀. Ó wá sí ọ́fíìsì wa, wọ́n ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún un, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní fàráńdà, ó ń wí pé, "Ulé ni mo wí. Ulé ni mo wí o." Kò pariwo. Ìbá sàn bó bá jẹ́ pé ó pariwo.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ di ẹjọ́, Ọ̀gbẹ́ni Oníyẹlú, olórí àwọn akọ̀wé, pè wá méjèèjì, ó béèrè ẹni tó ṣe àmì. Ìyáàfin Àjàyí ní Sàlámátù ni. Ó ní ọmọ náà gbọ́n lóòótọ́, ó mọ̀wé, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ wúwo. Òun ti ń bá a bo àṣìṣe rẹ̀ mọ́lẹ̀ tipẹ́. Mo ní kí wọ́n gbé téèpù náà wá kí gbogbo wa gbọ́ ọ. Ọ̀gbẹ́ni Oníyẹlú ní téèpù ti lọ sí Àkúrẹ́, àti pé òun kò lè rán ènìyàn lọ sí Àkúrẹ́ nítorí àmì bírò. Ó kọ ọ́ sínú fáìlì mi pé etí mi wúwo, kí wọ́n má fún mi ní iṣẹ́ ohùn mọ́. Ọkùnrin náà ti kú. Kí Ọlọ́run forí jì í. Èmi ṣì ń rò ó.

Bí wọ́n ṣe gbé mi kúrò nínú yàrá ohùn nìyẹn, tí wọ́n ní kí n máa tẹ ìkéde àti ìwé ìpàdé. Àwọn tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń ki ìwé bọ taípùráítà di ọ̀gá mi. Ọ̀kan nínú wọn máa ń gbóhùn sókè bí ó bá ń bá mi sọ̀rọ̀, bí ẹni ń bá adití wí, gbogbo yàrá á sì máa rẹ́rìn-ín. Mo fi ara dà á. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó burú jù níbẹ̀ fún yín. Bí wọ́n bá pè ọ́ ní adití pẹ́, ìwọ fúnra rẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ etí. Mo máa ń wà nídìí ààrò, màá ṣàdédé béèrè lọ́wọ́ ara mi pé: ṣé ulé ni mo gbọ́ lóòótọ́? Bó ti ń di ọdún, bẹ́ẹ̀ ni ohùn bàbá yẹn ń jìnnà sí mi, títí tí n kò fi lè búra mọ́. Ohun kan ṣoṣo tí mo ń fẹ́ kí n tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni kí n gbọ́ téèpù yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ayé ń yí, irinṣẹ́ ń yí. Taípùráítà oníná dé, ó ń kùn bí oyin. Wọ́n dá Èkìtì sílẹ̀, gbogbo ẹrù wa tó wà ní Àkúrẹ́ ni wọ́n kó lọ sí Adó. Kọ̀ǹpútà dé, òun àti jẹnẹrétọ̀ rẹ̀. Ìyáàfin Àjàyí ti fẹ̀yìn tì nígbà náà, ó ti padà sí Ìsàn. Àwọn akẹgbẹ́ mi ń sá fún kọ̀ǹpútà bí ẹni rí ejò. Èmi jókòó tì í, nítorí mo gbọ́ pé ó lè ṣe àmì. Ẹ wo inú mi lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ tẹ lẹ́tà ẹ, tí mo sì rí àmì tó jókòó jẹ́ẹ́ lábẹ́ rẹ̀ láìlo bírò. Mo kọ́ gbogbo rẹ̀, tòkè tìsàlẹ̀. Nígbà tó yá, bí ẹnikẹ́ni bá ní ìwé Yorùbá láti tẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé e wá. Wọ́n sọ mí ní Ìyá Alámì. Wọn kò mọ ibi tí àmì ti dun mí.

Ọdún tí mo máa fẹ̀yìn tì ni Adó bẹ̀rẹ̀ sí í kó gbogbo téèpù àtijọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Àwọn ọ̀dọ́ ni wọ́n fi síbẹ̀ láti tún wọn tẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ló jẹ́ pé Èkó àti Ìbàdàn ni wọ́n dàgbà sí. Ẹlẹ́rìí kan láti Ayébọ́dè sọ pé, "Èmi ni mo ni ulé", ẹni tó tẹ̀ ẹ́ kọ ọ́ pé, "Èmi ni olè." Àwọn ọmọ bàbá náà gbọ́, wọ́n sì kó ara wọn lọ sí Adó. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n pinnu pé àwa tí a gbọ́ èdè apá òkè yìí ni kí a máa yẹ ìwé náà wò; kò sẹ́ni tó rántí ohun tó wà nínú fáìlì mi mọ́. Wọ́n wá fi ohùn ránṣẹ́ sí wa tòun tìwé, sórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tó wà fún iṣẹ́ náà. Mo ń wo orúkọ àwọn fáìlì náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àfi bí mo ṣe rí i: Agúnlóyè, Òkè-Àkọ.

Mo tẹ̀ ẹ́. Kò dún.

Mo ki íápíìsì bọ ihò iwájú àpótí kọ̀ǹpútà, mo tún tẹ̀ ẹ́. Kò dún. Mo fẹ́ ṣí ibi tí wọ́n ti ń ṣètò ohùn, ọ̀rọ̀ kan yọ sójú rẹ̀ pé n kò láṣẹ. Adó ti ti gbogbo rẹ̀ pa. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ti ihò tí à ń ki fíláàṣì bọ̀ pa, kí ẹnikẹ́ni má baà kó ohùn ẹlẹ́rìí jáde. Ìyẹn tọ́, n kò bá wọn jà lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹni tó búra kì í ṣe ohun tí à ń gbé kiri lórí fóònù. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ohùn ránṣẹ́ sí ọ, tó wá sọ kọ̀ǹpútà rẹ di odi, kí lo fẹ́ pè é?

Mo kọ̀wé sí Adó. Wọ́n fèsì pé ìtẹ̀wé kò nílò ohùn. Mo tún kọ ọ́. Wọn kò fèsì mọ́. Oṣù tí mo máa lọ ń sún mọ́ tòsí. Mo bá wọ tákísì ní Ìkọ̀lé, a gba Ọ̀yẹ́, a gba Ìfàkì dé Adó, mo sì wá ọ̀gá àwọn kọ̀ǹpútà rí, ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Kọ́lápọ̀, tó bọ́ bàtà sábẹ́ tábìlì. Mo sọ tẹnu mi tán. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Màmá, ẹ fẹ́ máa gbọ́ orin ni?"

"Bàbá kan tó ti kú ni mo fẹ́ gbọ́."

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó ṣàlàyé fún mi pé fíìmù ni àwọn òṣìṣẹ́ ń wò lórí kọ̀ǹpútà ìjọba, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ti ètò ohùn pa káàkiri. Ẹni tó lè fọwọ́ sí i kí wọ́n ṣí i ti rìnrìn àjò, òun kò sì mọ ìgbà tó máa dé. Ó ní kí n kúkú fojú ka ìwé náà, kí n ṣe àmì síbi tó bá yẹ. Mo sọ fún un pé ojú kì í gbọ́ ọ̀rọ̀. Bí mo ṣe ń dìde ló sọ ohun kan ṣoṣo tó wúlò lọ́jọ́ yẹn, bóyá láti fi tù mí nínú: "Kọ̀ǹpútà yín kò yadi o, Màmá. Ó ń sọ̀rọ̀. Ibi tó ń sọ ọ́ sí ni a kò jẹ́ kí ẹ lè yí padà."

Mo bínú dé Ìfàkì. A ti ń sún mọ́ Ọ̀yẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tó yí padà nínú mi. Bó bá ń sọ̀rọ̀, ibì kan ló ń sọ ọ́ sí. Ohùn kì í kú sójú ọ̀nà. Mo gbọ́ Ìyáàfin Àjàyí nínú orí mi kedere, ó ń fi rúlà kan tábìlì, ó ní kí n tọ ohùn lẹ́yìn. Inú bí mi pé òun ni.

Lọ́jọ́ kejì, n kò bá kọ̀ǹpútà náà jà. Mo tẹ ohùn Bàbá Agúnlóyè, mo sì jókòó tí mo ń wò ó. Ìlà aláwọ̀ ewé kékeré kan ń fò sókè sódò lójú rẹ̀, bí ọ̀fun ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ lóòótọ́. Mo gbé máòsì lọ sórí àwòrán sípíkà kékeré tó wà nísàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún. N kò tẹ̀ ẹ́, mo kàn gbé e síbẹ̀ ni. Orúkọ kan yọ. Mo wo orúkọ náà, mo wo ìsàlẹ̀ gíláàsì ojú kọ̀ǹpútà tí mo ń wò. Orúkọ kan náà ni wọ́n kọ síbẹ̀. Kì í ṣe inú àpótí ni ohùn ń gbà jáde. Inú wáyà tó gbé àwòrán lọ sójú gíláàsì ni òun náà bá lọ. Ojú gíláàsì kò sì ní sípíkà. Bàbá náà ti ń sọ̀rọ̀ látọjọ́ yìí, ẹnu rẹ̀ ló kọjú sí ògiri.

Wọn kò jẹ́ kí n mú ohùn wá síbi tí etí mi wà. Kò sí òfin tó ní kí n má gbé etí mi lọ síbi tí ohùn wà. Mo yí ojú kọ̀ǹpútà padà, mo fi ọwọ́ tọ wáyà náà dé ìdí rẹ̀, mo sì rí ihò kékeré kan lẹ́yìn, wọ́n ya àwòrán íápíìsì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, eruku ti dí i. Mo yọ abẹ́rẹ́ ìborí mi, mo fi tú eruku náà. Mo ki íápíìsì bọ̀ ọ́. Wáyà rẹ̀ kúrú, àfi kí n fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ẹ̀yìn gíláàsì. Ìyá Délé tí a jọ ń ṣiṣẹ́ wọlé, ó bá mi níbẹ̀.

"Àlàájà, ṣé kò sí nǹkan? Ẹ ń bá ògiri ṣòfófó?"

Mo fọwọ́ sọ fún un pé kó dákẹ́. Bàbá Agúnlóyè ń sọ̀rọ̀. Oko kòkó, igi ọ̀pẹ tó wà lẹ́nu ààlà, ìkòkò àmù tí wọ́n gbé fún àlejò. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ́, bó ṣe wà létí mi kí wọ́n tó mú mi ṣiyèméjì: ulé ni bàbá mi fún un, kì í ṣe ulẹ̀. Mo fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ kí ó lè padà sẹ́yìn, mo gbàgbé pé kọ̀ǹpútà kò ní ẹsẹ̀. Mo fi máòsì dá a padà. Ulé. Mo tún dá a padà. Ulé.

Bí mo ṣe jẹ́ kó máa lọ ni ohùn ọ̀dọ́bìnrin kan wọlé, ohùn Ìyáàfin Àjàyí. Òun ló máa ń jókòó ti ẹ̀rọ nínú ìgbẹ́jọ́. "Ẹ ní kí ni, Bàbá?" Bàbá náà tún un wí. "Ẹ ní kí ni?" Ó fà á gùn, ó tún un wí. Ìyáàfin Àjàyí wá sọ pé, "Ẹ kọjú sí mi, kí ẹ tún un wí." Mo ti gbọ́ ibẹ̀ yẹn nígbà tí mo wà lọ́mọge. Nígbà náà mo rò pé aápọn iṣẹ́ ló ń ṣe, pé ó fẹ́ kí ẹ̀rọ gbà á dáadáa. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ orí tí mo wà yìí, èmi náà ti ń sọ fún àwọn ọmọ-ọmọ mi pé kí wọ́n kọjú sí mi kí wọ́n tún un wí. Mo mọ ohun tí gbólóhùn yẹn jẹ́. Mo rántí bó ṣe ní kí n máa kọjú sí òun kí n fi ẹnu sọ ohun tí mo gbọ́. Mo rántí pé ẹnu wa ló máa ń wò, kì í wo ojú. Inú mi dùn tẹ́lẹ̀. Ó wá dùn mí pé n kò ní lè bínú sí i mọ́ bí mo ṣe ti ń gbèrò láti ọjọ́ pípẹ́ wá.

Mo tẹ ìwé tuntun, mo ṣe àmì sí i, mo kọ àlàyé mọ́ ọn, mo fi ránṣẹ́ sí Adó. Kọ́lápọ̀ ló pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Màmá, mo ti gbọ́ bàbá yín." Ó béèrè bí mo ṣe rí ohùn náà gbọ́, mo sọ fún un, ó bú sẹ́rìn-ín tó dénú. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ṣí ètò ohùn fún ọ́fíìsì wa. Wọ́n yọ ọ̀rọ̀ etí wúwo kúrò nínú fáìlì mi kí n tó fẹ̀yìn tì. Ìgbìmọ̀ pe àwọn ọmọ Agúnlóyè àti àwọn ọmọ-ọmọ àlejò jókòó, wọ́n jọ gbọ́ ohùn náà, àwọn kan sunkún nítorí wọn kò gbọ́ bàbá wọn láti ọjọ́ tó ti kú. Ilé ṣì jẹ́ ti àwọn ọmọ-ọmọ àlejò. Wọ́n ti gbà pé oko máa padà, wọ́n ń jíròrò bí yóò ṣe rí. Kò tí ì parí, ṣùgbọ́n wọ́n ń jókòó pọ̀, ìyẹn kò ṣẹlẹ̀ láyé mi rí.

Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá ń béèrè bóyá kí ẹ ṣe irú iṣẹ́ yìí, mo ní kí ẹ ṣe é. Kọ̀ǹpútà á máa yí padà, wọ́n á máa ti èyí, wọ́n á máa ṣí tọ̀hún. Ẹni tó gbọ́ èdè ìyá rẹ̀ dé ibi àmì kò ní wáṣẹ́ tì. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin tó wà nínú yàrá ohùn báyìí ń pè mí kí n wá kọ́ wọn, mo sì ń lọ. N kò lo rúlà. Bí wọ́n bá pe ìrun, mo ní kí ẹni tó fẹ́ lọ máa lọ.

Mo ti fẹ̀yìn tì tán kí n tó lọ sí Ìsàn. Mo wọ tákísì dé Ọ̀yẹ́, mo gun ọ̀kadà dé ẹnu ọ̀nà Ìyáàfin Àjàyí. Gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń to ọ̀rọ̀ jọ, èyí tó gún bí abẹ́rẹ́ nínú wọn ló sì pọ̀ jù. Mo kí wọn pé, "Ẹ kú ulé o." Ọmọbìnrin rẹ̀ ló jáde, ó mú mi wọlé, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ sún mọ́ wọn dáadáa, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rí ẹnu yín." Ìyáàfin Àjàyí jókòó sórí àga lẹ́bàá fèrèsé, ó ti kéré sí bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, ó sì dá mi mọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Mo ní mo ti gbọ́ téèpù Bàbá Agúnlóyè. Ó na ọrùn, ó wò mí lẹ́nu, ó ní kí ni mo wí. Mo tún un wí. Kò gbọ́. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo tò jọ ti tú ká. Láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀, mo fa àga mi síbi tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé wà, mo kọjú sí i, mo sì la ẹnu dáadáa: mo ti gbọ́ téèpù náà, Mà, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ bàbá yẹn, mo sì gbọ́ tiyín.

Ó fi ọwọ́ kan etí ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́, ohùn rẹ̀ ròkè ju bó ti yẹ lọ, bí ohùn ẹni tí kò gbọ́ ara rẹ̀:

"Sàlámátù, etí rẹ mọ́. Tèmi ló di. Mo bẹ̀rù pé wọn á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, mo bá fi orúkọ rẹ bò ó."